Bí Ẹ Ṣe Lè Fúnra Yín Ṣírò Jíjìnnà àti Wákàtí Ìrìn Bàálù: Èkó sí London, New York àti São Paulo

Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì kan láti Èkó sí New York nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn lọ́hùn-ún. Bàálù gbéra ní aago 11 alẹ́, ó balẹ̀ ní aago 5 àárọ̀. Wákàtí mẹ́fà péré! Ẹ wá wo ti àbọ̀: ó kúrò ní New York ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, ó dé Èkó ní aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 15 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyẹn jẹ́ wákàtí 15 àti ìṣẹ́jú 15. Ọ̀nà kan náà ni, kí ló dé tí àlọ yá tó báyìí tí àbọ̀ wá ń fà bí ọjọ́ àwẹ̀? Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Àlọ gba wákàtí 11, àbọ̀ gba 10 lé díẹ̀. Àbọ̀ gan-an ló yá jù.

Aago tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí bàálù wà nígbà náà ni. Èkó ń ka tirẹ̀, New York ń ka tirẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì láìkọ́kọ́ sọ wọ́n di aago ìlú kan ṣoṣo, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ló ń kà. Ẹ jẹ́ ká gbé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bírò, ìwé pélébé àti ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù ti tó wa.

1. Pápákọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kì í ṣe ìlú

Ẹ wá lẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún pápákọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì. LOS ni ti Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, ABV ni ti Àbújá. London nìkan ní pápákọ̀ mẹ́fà: LHR ni Heathrow, LGW ni Gatwick, Stansted, Luton, London City àti Southend sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí London ní oṣù kẹta ọdún 2024, Gatwick ló ń balẹ̀ sí, kì í ṣe Heathrow. Ní New York, JFK wà ní Queens, ṣùgbọ́n EWR, ìyẹn Newark, ìpínlẹ̀ New Jersey ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń tà á fún yín bíi New York. Ní São Paulo, ìyẹn ní Brazil, GRU ni bàálù tó ń ti òkè òkun bọ̀ máa ń balẹ̀ sí.

Lójú òfurufú, ìyàtọ̀ Heathrow sí Gatwick kò tó nǹkan. Orí ilẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ wà, pàápàá fún ẹ̀gbọ́n tó ti lọ dúró dè yín níbi tí ẹ kò ní gbà jáde.

2. Bí ọ̀nà ṣe jìn tó

Bàálù kì í tẹ̀lé ìlà tí ẹ fi rúlà fà sórí máàpù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ayé rí roboto. Bí ẹ bá rí glóòbù ilé ẹ̀kọ́ kan, ẹ mú okùn ìránṣọ, ẹ fi orí rẹ̀ kan sí Èkó, ẹ fi ìkejì sí New York, kí ẹ sì fà á le dáadáa. Ibi tí okùn náà bá gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù lọ. Ọ̀pọ̀ wa rò pé kété tí bàálù bá kúrò ní Ìkẹjà, orí omi ló kù títí dé Amẹ́ríkà. Okùn yín kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Yóò gba orí Benin àti Tógò, yóò kọjá àríwá Gánà, Burkina Faso, Mali àti Mauritania, kó tó wá já sórí òkun Àtìláńtíìkì.

Ti Èkó sí London rọrùn débi pé ẹ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti gúúsù lọ sí àríwá, nítorí náà òkè tààrà ni bàálù ń kọjú sí. Èkó wà ní dígírì 6.6 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Heathrow wà ní 51.5. Ẹ yọ 6.6 kúrò nínú 51.5, ó ku 44.9. Dígírì kan jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 111. Ẹ fi 111 sọ 44.9 di púpọ̀, ẹ ó rí 4,984. Ìṣirò tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ máa sọ pé ó jẹ́ nǹkan bíi 5,000, ẹ sì rí i pé a kò ṣìnà.

Ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́ fún New York tàbí São Paulo, torí pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n wà sí wa, kì í ṣe òkè tààrà. Fún irú wọn, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní Great Circle Mapper lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ LOS-JFK sínú àpótí rẹ̀, á sọ bó ṣe jìn tó, á sì ya ìlà náà fún yín. Ohun tí ẹ ó rí kò ní jìnnà sí ìwọ̀nyí:

Èkó sí London: kìlómítà 5,000
Èkó sí São Paulo: kìlómítà 6,350
Èkó sí New York: kìlómítà 8,440
Èkó sí Atlanta: kìlómítà 9,400

Ẹ tún ìlà kejì kà. São Paulo sún mọ́ Èkó ju New York lọ ní ohun tó lé ní kìlómítà 2,000. Bí ẹ bá sì wọn Salvador ní Bahia, ní Brazil kan náà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà Èkó ti ṣí padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nǹkan bíi 5,100 ni. Bí London ṣe jìn sí wa náà ni Bahia ṣe jìn. Mi ò rò pé ẹni mẹ́wàá lè wà ní Campos Square, àdúgbò àwọn Àgùdà l'Ékòó, lónìí tí yóò gba èyí gbọ́ bí wọn kò bá fojú ara wọn rí i.

Ẹ kíyè sí irú ìwọ̀n tí wọ́n fi dá yín lóhùn. Máìlì orí ilẹ̀ kan jẹ́ kìlómítà 1.609, ṣùgbọ́n máìlì tí àwọn awabàálù àti atukọ̀ òkun ń lò jẹ́ kìlómítà 1.852. Ọ̀nà Èkó sí New York kan náà lè jáde bíi 8,440, 5,250 tàbí 4,560, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di kìlómítà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

3. Ẹ sọ jíjìnnà di wákàtí

Àwọn bàálù ńláńlá tó ń ná ọ̀nà jíjìn, irú bíi Boeing 777 àti 787, Airbus A330 àti A350, máa ń sáré tó kìlómítà 870 sí 910 láàrin wákàtí kan bí wọ́n bá ti gòkè tán. Èmi máa ń lo 870. Ó sàn kí ìṣirò pọ̀ díẹ̀ ju kó dín lọ.

Ẹ pín kìlómítà sí ọ̀nà 870, kí ẹ wá fi ìṣẹ́jú 35 kún un. Ìṣẹ́jú yẹn wà fún gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀, nígbà tí bàálù kò tíì lè sáré, àti fún rírìn lórí ilẹ̀. Aago tíkẹ́ẹ̀tì ń ka láti ìgbà tí bàálù bá kúrò nídìí géètì, kì í ṣe ìgbà tí táyà rẹ̀ bá kúrò nílẹ̀, ó sì parí nígbà tó bá dúró sí géètì ìlú kejì.

Ní ti London, 5,000 tí a pín sí 870 jẹ́ 5.75. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: 5.75 kì í ṣe wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 75. Ẹ fi 60 sọ .75 di púpọ̀, ó di ìṣẹ́jú 45. Wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 45, pẹ̀lú 35, ó di wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 20. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí tó lọ tààrà, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni ẹ ó máa rí, kó lé díẹ̀ tàbí kó dín díẹ̀.

Lọ́nà kan náà, São Paulo á jẹ́ wákàtí mẹ́jọ ó dín díẹ̀, New York á sì jẹ́ wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 17. Ṣùgbọ́n mo ti sọ lókè pé 11 ni ti New York. Afẹ́fẹ́ ló jẹ ìyókù.

4. Afẹ́fẹ́ òkè

Ní nǹkan bíi kìlómítà 9 sí 12 lókè, afẹ́fẹ́ líle kan wà tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Jet stream ni àwọn awabàálù ń pè é. Kì í ṣe orí wa níhìn-ín ló wà. Apá àríwá lọ́hùn-ún, sí ọ̀nà Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ló ti lágbára. Ó sábà máa ń sáré ju kìlómítà 160 láàrin wákàtí kan lọ, nígbà òtútù ó sì lè kọjá 300.

Bàálù tó ń lọ sí New York máa ń fi orí ko ó nígbà tó bá ń sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò dín eré kù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ń bò mọ́lẹ̀ láàrin wákàtí kan ló dín kù. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ náà káàkiri gbogbo ọ̀nà, tí a sì sọ pé ó yọ 80 kúrò nínú 870, ó ku 790. Ẹ pín 8,440 sí 790, ó jẹ́ wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 41. Ẹ fi 35 kún un, ó di 11 àti ìṣẹ́jú 16. Ní àbọ̀, afẹ́fẹ́ kan náà á máa tì í lẹ́yìn. Ìṣirò á sọ pé kò tó wákàtí mẹ́wàá, tíkẹ́ẹ̀tì á sì sọ pé ó lé díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń fi ìṣẹ́jú bí mélòó kan pamọ́ sínú aago wọn kí wọ́n lè rí ẹnu sọ pé àwọn dé lásìkò.

Ní ọ̀nà London, ìbú ni afẹ́fẹ́ yìí ń dá bàálù, kò dojú kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tì í. Ìdí nìyẹn tí àlọ àti àbọ̀ London kò fi jìnnà síra wọn bíi ti New York.

5. Ìgbà tí ọ̀nà kò bá ṣí

Okùn orí glóòbù kò mọ ìjọba. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn ológun tó gbàjọba ní Niger ti òfurufú orílẹ̀-èdè wọn pa. Orí Niger gan-an ni ọ̀nà London sí Èkó gbà, lẹ́yìn Algeria. Àwọn bàálù kan tó ti wà lójú ọ̀nà ní láti ṣẹ́rí padà, àwọn yòókù sì ń yí gba ibòmíràn títí wọ́n fi ṣí i ní oṣù kẹsàn-án. Láti ọdún 2022 tí àwọn bàálù Yúróòpù kò ti lè gba orí Rọ́ṣíà mọ́, Helsinki sí Tokyo, tí kò ju wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀ lọ tẹ́lẹ̀, ti di nǹkan bíi wákàtí 13.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìṣirò yín, ẹ wọ Flightradar24, ibi tí wọ́n ti ń tọpa bàálù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ nọ́ńbà bàálù yín, kí ẹ wo iye wákàtí tó lò lójú ọ̀nà ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Bí ó bá fi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá tiyín, ó ní ibi tó ń yà gbà.

6. Ẹ sọ aago méjèèjì di ọ̀kan

Nàìjíríà kì í yí aago padà láti ọdún dé ọdún. Benin náà ń bá wa ka aago kan náà, ṣùgbọ́n Tógò àti Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Àwọn tó ń yí tiwọn padà ló ń da ìṣirò rú.

London: láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá, aago kan náà la jọ ń kà. Ìyókù ọdún, wọ́n fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Èkó.

New York àti Atlanta: láti ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi wà lẹ́yìn. Ìyókù ọdún, wákàtí mẹ́fà. Houston tún gbẹ́yìn tiwọn pẹ̀lú wákàtí kan.

São Paulo: wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn Èkó, yípo ọdún. Brazil ti pa yíyí aago tì ní ọdún 2019.

Ẹ rí i pé ọjọ́ tí Amẹ́ríkà ń yí tirẹ̀ àti ọjọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń yí tirẹ̀ kò bára mu. Ẹni tó bá máa gba London kọjá sí New York ní ìdajì kejì oṣù kẹta gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kedere.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ fi aago ìlú tí ẹ ń lọ sílẹ̀, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di aago Èkó, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Tíkẹ́ẹ̀tì tí a fi bẹ̀rẹ̀: aago 5 àárọ̀ New York, ẹ fi wákàtí márùn-ún kún un, ó di aago 10 àárọ̀ Èkó. Láti aago 11 alẹ́ sí aago 10 àárọ̀ jẹ́ wákàtí 11. Ti àbọ̀: aago 5 ìrọ̀lẹ́ New York jẹ́ aago 10 alẹ́ Èkó. Láti ibẹ̀ sí aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 15 àárọ̀ jẹ́ wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 15. Ó tán.

Bí ẹ bá rí +1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ìbalẹ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n ń wí. Èyí tó sì léwu jù, tó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dé pápákọ̀ lẹ́yìn tí bàálù wọn ti lọ láti àná, ni aago òru. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá kọ 00:30 ọjọ́ Àbámẹ́ta, òru ọjọ́ Ẹtì mọ́jú ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ ti wà ní Ìkẹjà pẹ̀lú ẹrù yín.

7. Bí kò bá sí bàálù tó lọ tààrà

Ká ní ẹ fẹ́ lọ sí São Paulo, ẹ sì rí tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Addis Ababa kọjá. Èkó sí Addis jẹ́ kìlómítà 3,900, Addis sí São Paulo jẹ́ nǹkan bíi 9,900. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13,800, ó ju ìlọ́po méjì ọ̀nà tààrà lọ, nítorí ìlà oòrùn lẹ ó kọ́kọ́ dojú kọ nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀ oòrùn ni ẹ ń lọ. Wákàtí márùn-ún àti wákàtí méjìlá. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta ìdúró kún un, ogún wákàtí nìyẹn, dípò mẹ́jọ. Mi ò ní kí ẹ má rà á o. Owó rẹ̀ lè dínkù, ó sì lè jẹ́ òun ló wà lọ́jà. Ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ ń rà.

Ìdúró ni apá tó rọrùn jù láti ṣírò: aago ìbalẹ̀ àti aago ìgbéra níbẹ̀, aago ìlú kan náà ni, ẹ yọ wọ́n kúrò lára ara wọn tààrà. Ní Addis, bí ẹ bá béèrè aago lọ́wọ́ ará ìlú, ó lè ka tirẹ̀ fún yín láti ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ bí àṣà wọn, tó fi wákàtí mẹ́fà yàtọ̀ sí ti tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wà lójú pátákó pápákọ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé.

Tèmi ni pé kí ìdúró má dín sí wákàtí méjì bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ọ̀kan. Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ rà, ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin ó kéré tán, torí bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, èkejì kò ní dúró dè yín, kò sì sí ẹni tó máa dá owó padà. Ẹni tó ń ti Àbújá bọ̀ wá wọ bàálù òkè òkun l'Ékòó gbọ́dọ̀ rántí pé ilé tí bàálù abẹ́lé ń já èrò sí kọ́ ni ti òkè òkun. Ẹ ó gbé ẹrù yín, ẹ ó sì wọ mọ́tò.

8. Láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà

Wákàtí tí bàálù lò kọ́ ni wákàtí tí ìrìn àjò gbà. Ẹ wo ẹni tó ń ti Bódìjà n'Íbàdàn lọ sí Brooklyn: wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lójú títì dé Ìkẹjà, nítorí pé kìlómítà ọgọ́fà yẹn kì í ṣe ohun tí a lè fi 870 pín, wákàtí mẹ́ta ní pápákọ̀, mọ́kànlá lókè, wákàtí kan ààbọ̀ lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè àti níbi ẹrù, wákàtí kan láti JFK dé ilé. Ó ti tó ogún wákàtí. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ẹ fi àyè sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí eruku lè bo ojú òfurufú débi pé bàálù tó ń bọ̀ wá gbé yín kò ní lè balẹ̀ lásìkò.

Ẹ fi nọ́ńbà bàálù, lẹ́tà mẹ́ta pápákọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ máa dé níbi tí ẹ ń lọ ránṣẹ́ sí ẹni tó máa pàdé yín, kì í ṣe aago nìkan. Ó lè máa fi fóònù tẹ̀lé bàálù náà láti ilé. Kó má sì kánjú kúrò nílé. Bó bá dé pápákọ̀ ní wákàtí kan lẹ́yìn tí táyà bá kan ilẹ̀, owó páàkì á dínkù, á ṣì bá yín níbi tí ẹ ti ń wá báàgì yín.